Òkìtì Inú Dígí

Àgbàdo ń yọ irùngbọ̀n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀,
lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n, lábẹ́ igi ìyeyè:
dígí méjì roboto, ó nípọn bí àtàǹpàkò,
tí mo gé lára tábìlì tó fọ́ nílé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù,
ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀,
iyanrìn dúdú àwọn mẹkáníìkì láàárín wọn, àti omi díẹ̀.
Mo ń tì í lọ, mo ń fà á bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi fi wò mí kó tó sọ̀rọ̀.
"Fámúyìwá, ata wo lò ń lọ̀ tí kò kúnná láti ìjẹta?"
Mo ní ojú ni mò ń lọ̀, ojú tí máa fi rí ìràwọ̀.
Ó ní usu la í jẹ, a kì í jẹ ìràwọ̀.
Ṣùgbọ́n ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gba dígí lọ́wọ́ mi.
Ó ní o ò mọ ọlọ.
Má fi èjìká tẹ̀ ẹ́.
Jẹ́ kí ìwúwo rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ,
kí o sì máa sún yí i ká, bí ẹni tó ń wá ẹnu ọ̀nà ilé onílé.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi yí orí àgbá kan ká.
Dígí òkè ń jìn bí àwo,
tìsàlẹ̀ ń wú bí ìdí ìkòkò.

Lálẹ́, mo gbé àtùpà síwájú rẹ̀,
mo fi abẹ ìfárí dá ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ lọ́nà.
Òjìji tú àṣírí: òkìtì kan wà láàárín dígí,
ó fẹ́lẹ́ ju irun orí ọmọ ọwọ́ lọ.
Ọmọ Èkìtì ni mí. Òkìtì ló sọ wá lórúkọ,
ara òkè ni wọ́n rì ìwọ́ mi mọ́.
Mi ò bá òkè jà rí, àfi èyí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀dà gbígbóná, ìyẹ̀fun pupa,
títí ọwọ́ mi fi pọ́n bí ọwọ́ ẹni tó kun osùn.

Mo fi fàdákà olómi bò ó.
Awò kékeré ẹnu rẹ̀, ara kámẹ́rà òkú ayàwòrán kan ni mo ti yọ ọ́.
Páìpù tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ilé ìwé ni ọrùn rẹ̀.
Jégédé káfíńtà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́,
ó wá sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìbọn ńlá ni mò ń rọ.

Ní ọ̀sán, mo kọjú rẹ̀ sí òkè iwájú:
ewúrẹ́ mẹ́fà ń jẹko, ẹsẹ̀ wọn ló wà lókè.
Ìyá mi wò ó, ó ní, "O ti dojú ayé délẹ̀ ná."

Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.
Eruku bo ojú ọ̀run, a fi àpò ìrẹsì bo páìpù, a dúró.

Òjò àkọ́rọ̀ ló fọ ojú ọ̀run.
Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú iná lọ,
fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò ṣépè.
Àgùàlà nìkan ló wà lórí òkè ìwọ̀-oòrùn.
"Ajá oṣù rèé," mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.
Ó ní, "Àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù,"
ó sì gbé ojú lé e.

Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Ṣé oṣù lo wá fi hàn mí ni?"
Rárá. Oṣù ò tíì yọ.
Àgùàlà fúnra rẹ̀ ni, ó tẹ̀ bí èékánná tí a gé,
òun náà ń lé, òun náà ń wọ̀ọ̀kùn, lójú ara rẹ̀,
kò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi nu ojú.
"Àwọn tó kọ́kọ́ ní kì í ṣe ajá,
dígí ta ni wọ́n fi wò ó?"
Mi ò ní èsì.

Ó ní kí n yí i sí Ìjerò,
kí òun wò ó bóyá Ìbídùnní ti tan àtùpà.
Mo ní òkè ló dí wa.
Ó ní, "Ṣebí o ti lọ ọ̀kan kúnná rí."